Ẹrù Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Igbó Géèmù

Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣẹ̀ mí nínú igbó kan, mo sì fẹ́ sọ wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ariwo lásán ni mò ń pa. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé wa ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín títí. Wọ́n á ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ géèmù yẹn lo ṣì ń gbé kiri?" Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni mo ṣì ń gbé kiri. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í di òdodo nítorí pé inú géèmù ni wọ́n ti ṣẹ̀ ẹ́.

Igbó tí mò ń wí kì í ṣe igbó Ìwàrà, níbi tí ìyá wa ti ní oko kòkó àti igi obì. Igbó géèmù ni. Èèyàn á kàn jí síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kò ní sẹ́ni tó máa kí i káàbọ̀. Ọwọ́ lásán ni yóò fi wó igi àkọ́kọ́. Igi yẹn ni yóò fi ṣe àáké, àáké ni yóò fi gé igi tó pọ̀, igi tó pọ̀ ni yóò fi kọ́lé, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó ṣú, nítorí bí ilẹ̀ bá ti ṣú ni àwọn òkú tó ń rìn máa ń jáde, tí wọ́n á máa kùn bí ẹni tí inú ń run. Ebi ń pani níbẹ̀ bó ṣe ń pani láyé. Bí èèyàn bá kú, yóò tún jí lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ á tú dà sílẹ̀ níbi tó kú sí. Àpò náà kò sì tóbi. Bí ó bá ti kún, ó kún nìyẹn. Kò sí pé à ń jan án mọ́lẹ̀ bí àpò gàrí kó lè gba sí i.

Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n géèmù náà kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: kí lo mú dání?

Mo ti ro ìbéèrè yìí dáadáa. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, èmi ni mo máa ń kọ ìwé ẹ̀sùn fún gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì wa: omi kò yọ, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ti ya, ẹnì kan ń fi bẹ́ńṣì ìkàwé ti ilẹ̀kùn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀. Oúnjẹ ló ṣáájú, búrẹ́dì tàbí ẹran sísè, nítorí ẹran tútù á tún dá kún ìyà ẹni ni. Àáké àti díígà ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ògùṣọ̀, nítorí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, àwọn òkú yẹn kì í yọjú síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì, kí èèyàn lè rí ibi sùn lójú ọ̀nà. Àti garawa omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka garawa omi sí nǹkan, àwọn náà ló sì ń kú jù. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ géèmù náà, odò iná kan wà tó ń ṣàn rọra bí epo pupa tó gbóná jù. Bí ẹ bá da omi sí i, á di òkúta, ẹ ó sì rìn kọjá lórí rẹ̀. Bí kò bá sómi, ẹ ó jóná tẹrù-tẹrù.

Gbogbo èyí ni mo rò fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fẹ́ jáde nílé nínú géèmù náà. Mo ní, "Oúnjẹ, irinṣẹ́, ìmọ́lẹ̀, ibi àsùn, omi. Ohun tó bá ti kọjá ìyẹn, fáàrí ni."

Ó ní, "O ṣeun, ọ̀jọ̀gbọ́n. Bá mi mú elégédé yìí dání."

Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ kìíní ti bẹ̀rẹ̀.

Nílé wa, ọmọdé kì í máa ju apá lásán kí àgbà tó ń bá a rìn wá máa ru ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Tí a bá ń bọ̀ láti oko Ìwàrà, bí ìyá wa bá ru apẹ̀rẹ̀ obì, ẹ̀gbọ́n mi á sáré gbà á, gbogbo èèyàn á máa ṣàdúrà fún un lójú ọ̀nà. Bí a bá ti yí kọ́nà tí ìyá wa kò rí wa mọ́, orí tèmi ni apẹ̀rẹ̀ náà máa ń wà. Mi ò bínú sí ìyẹn. Àṣà ni, ọrùn mi sì le. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó gbé àṣà náà wọ inú géèmù?

Iléṣà ni òun ń gbé báyìí, èmi wà ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé nínú igbó yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, tí ariwo bá rọlẹ̀. Èmi á tan láptọ́ọ̀pù mi, òun náà á tan tirẹ̀, á pè mí lórí fóònù, a ó sì gbé ohùn síta kí a lè máa bára wa sọ̀rọ̀ bí a ti ń ṣeré. Kò tíì sí Sátidé kan tí kò ní dúró síwájú mi nínú géèmù náà, kó máa ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tó ń yé ẹyin.

"Bá mi mú èyí dání."

"Gàárì ẹṣin ni, bọ̀dá mi. A ò lẹ́ṣin."

"A lè rí ẹṣin lọ́nà."

"Òdòdó yìí ńkọ́?"

"Ìyàwó mi á fẹ́ràn ẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe nínú igbó? Ilé tí a ò tíì kọ́ lẹ ti ń ru ilẹ̀kùn rẹ̀ kiri?"

"Ṣé wàá gbà á àbí o ò ní gbà á? Ta ni àgbà níbí?"

Bí wọ́n bá ti béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá, ẹjọ́ ti tán. Mo gbà á. Bí ó ṣe wà láyé náà nìyẹn, ẹni tí kò lè rí ìṣó lójú títì kó má tẹ̀ ba mú un. Wáyà fóònù tó wà nínú yàrá rẹ̀ ju fóònù tó ti lò rí lọ. Àpò mi kún bámúbámú fún ohun tí kì í ṣe tèmi, búrẹ́dì mi kò ráyè wọ̀ ọ́, ó sì di ohun tí mo fi sílẹ̀ nínú àpótí nílé. Ebi pa mí kú lójú ọ̀nà ọjọ́ náà, láàárín òdòdó pupa àti òdòdó yẹ́lò, pẹ̀lú gàárì ẹṣin tí a kò rí.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí ẹrù rẹ̀ tó tú sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "O ò mọ bí wọ́n ṣe ń múra ìrìnàjò."

Èmi! Èmi tí mo ti là á sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì burú jù ú lọ, nítorí pé mo ti kìlọ̀. A wọ ihò lọ láti wa irin. A rí irin náà, ó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ká elégédé nínú abúlé kan kí a tó dé ẹnu ihò, àpò òun àti tèmi sì ti kún. Ó wo inú àpò mi. Ó ní kí n sọ garawa omi nù kí irin lè wọlé, kí elégédé má baà jáde.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, mo ti ṣàlàyé garawa yìí fún yín."

"Omi, omi. Láti ìgbà tí o ti ń gbé Òṣogbo ni o ti di ẹni omi. Sọ ọ́ nù jàre."

Mo gbé garawa náà kalẹ̀ nínú ihò níbẹ̀. A kò rìn jìnnà tí òkúta tí mo tẹ̀ fi yẹ̀ lábẹ́ mi, mo bá ara mi nínú odò iná. Elégédé jóná, irin jóná, ilẹ̀kùn jóná, èmi náà jóná. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ? Kò ní, "Pẹ̀lẹ́." Ó ní, "Elégédé mi." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti pe ìyá wa ní Ìwàrà, ó ti fẹjọ́ sùn pé mo fi dúkìá òun ṣòfò. Ìyá wa, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ géèmù, pè mí pé kí n tọrọ àforíjì nítorí elégédé. Mo tọrọ àforíjì. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn kún un: wọ́n mú mi tọrọ àforíjì fún elégédé tí kò hù rí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e ló ṣòfin. Òkè yìnyín kan wà lápá òkè ayé yẹn, lẹ́yìn òkun. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, lọ́jọ́ tí mo gun igi tó ga jù nínú igbó, tí mo rí ohun funfun kan tó ń dán lókèèrè bí ẹni pé wọ́n fi ìyẹ̀fun yangan bo orí òkè. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ nínú géèmù náà ju kí n dé orí òkè yẹn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀. Nítorí náà ló ṣe fi ibẹ̀ dẹ́rù bà mí. Ó ní, "A máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún kú kí a tó dé ibẹ̀, ilé ni yóò máa ṣọ́. Kó máa bá wa fún àgùntàn tí a ń sìn níbẹ̀ lóúnjẹ."

Mo ní kó tún un sọ, torí èmi kì í jẹ́ kí òfin kọjá láìjẹ́ pé etí mi gbọ́ ọ dáadáa. "Ṣé ẹnikẹ́ni lẹ wí?"

"Ẹnikẹ́ni."

"Àgbà pẹ̀lú?"

"Mo ní ẹnikẹ́ni. Ṣé o ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?"

Mo gbọ́.

Àsìkò yìí ni ìyàwó rẹ̀ wọ inú géèmù náà, lórí fóònù tirẹ̀. Ọmọ Iléṣà gan-an ni. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ti bí mi sínú ilé wa kó tó fẹsẹ̀ kàn án, ọkọ ló ń pè mí, "ẹ" ló sì ń pè mí, bí mo ti wù kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó dẹ̀kun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ ti mọ ohun tó kọ́kọ́ wò kiri nínú ayé tuntun yẹn.

"Ọkọ mi, ibo ni wọ́n ń gbin iṣu sí níbí?"

"Kò síṣu."

"Kò síṣu báwo? Kí ni wọ́n wá ń gún?"

"Wọn kì í gún nǹkan kan. Búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ."

Ó ní, "Abájọ tí wọ́n fi ń kú."

Kò pẹ́ tó fi rí bọ́tìnnì tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú géèmù náà. Kí àwọn òkú má baà rí èèyàn ni wọ́n ṣe ṣe é. Òun fi í kúnlẹ̀ kí wa. Bí a bá ti pàdé, ó ti bẹ̀rẹ̀, "Ẹ kú ọ̀nà, ọkọ mi," nínú igbó tí ìkookò ń hu. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbéra lọ sí òkè yìnyín, ó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní kí a gbé ẹrù wá.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta rèé. Ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún un: ògùṣọ̀ wa, díígà wa, àáké, bẹ́ẹ̀dì ìrìnàjò gbogbo wa, àní búrẹ́dì tirẹ̀. Ohun tí a jọ ṣe ni, a jọ wá irin rẹ̀, a jọ rẹ́ irun àgùntàn rẹ̀, kò sì bi mí ní gbólóhùn kan kó tó gbé e lé orí ẹnì kan ṣoṣo.

Mo ní, "Bí ohun kan bá ṣe ìyàwó wa lójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣe ìyàwó mi? Kó tìẹ náà fún un."

Ìyàwó náà ní, "Ẹ gbé e wá, ọkọ mi. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ìyá mi ò kọ́ mi ni?"

Mo kó ohun tó kù fún un, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n bú ìyá ẹni ẹlẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo di búrẹ́dì mi àti garawa omi mi mú. Mo ní, "Ẹrù ni wọ́n ń bá àgbà gbé. Wọn kì í bá àgbà gbé ikùn." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa gbé búrẹ́dì mi lọ, aláhun.

A wa ọkọ̀ ojú omi kọjá òkun. Bí a ti gúnlẹ̀, ilẹ̀ funfun báláú ló wà níwájú wa, òkè náà sì ga lókè orí wa. Oòrùn ibẹ̀ ti ń wọ̀ lọ. Ìyàwó ní òun ń kó ògùṣọ̀ jáde báyìí. Àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lórí fóònù láti ẹnu ọ̀nà wọn ní Iléṣà.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ará ilé yìí."

Ìyá wa ni. Wọ́n ti Ìwàrà dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lórí wọn.

"Yéè, Màámi ti ru ẹrù dé," ni ìyàwó wí. Mo gbọ́ àga tó gbá ilẹ̀. Bí mo ti ń wò ó báyìí nínú géèmù, ó pòórá. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun mọ̀ọ́mọ̀ jáde kúrò nínú géèmù ni, kí òkú má baà wá pa òun mọ́ ìdúró pẹ̀lú ẹrù wa. Ó rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde kúrò nínú ayé yẹn, tòun ti àpò rẹ̀ ló ń jáde.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ dìde, ẹ lọ gba ẹrù lórí màmá."

"Ìyàwó mi ti lọ. Ilẹ̀ ń ṣú. Ògùṣọ̀ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ìyàwó yín."

"Díígà ńkọ́?"

"Ọwọ́ ìyàwó yín."

"Bẹ́ẹ̀dì..."

Mo jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rò ó dé ibẹ̀.

"Kí ni ẹ wá ní lọ́wọ́?"

Ó wo àpò rẹ̀. "Òdòdó kan."

A fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ihò sínú yìnyín, a kó sí i, a sì dí orí rẹ̀. Àwọn òkú ti ń kùn lókè wa. Nísàlẹ̀ ojú láptọ́ọ̀pù, àwọn ọkàn pupa kéékèèké kan wà tó ń fi ẹ̀mí ẹni hàn, bí ebi bá sì ti ń pani, wọ́n á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Lórí fóònù, mo ń gbọ́ ìyá wa nínú pálọ̀ wọn.

"Ọkọ rẹ dà?"

"Wọ́n wà nínú ihò, Màámi."

"Ihò wo? Ta ló gbẹ́ ihò sínú ilé?"

"Inú géèmù ni, Màámi. Àwọn àti ọkọ mi kékeré tó wà l'Óṣogbo."

"Bí mo ṣe ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé yìí, inú ihò ni ọmọkùnrin mi wà?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò mi. Fún mi ní búrẹ́dì."

"Lónìí ni mo di àbúrò."

"Jọ̀ọ́. Ọkàn mi ti ń tán lọ."

"Ẹ ò ní kú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀sùn."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí gàárì. Mo sọ ibi tó ti gbé e fún mi, mo sọ ohun tí mo wí, mo sọ ohun tí ó fi dá mi lóhùn.

"Mo jẹ̀bi," ó ní.

"Ẹ má tíì jẹ̀bi. Mi ò tíì sọ ọ́ tán."

Mo dé orí ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Bí mo ti ń ṣàlàyé bí mo ṣe gbé garawa sílẹ̀ nínú ihò, ohùn ìyá wa wọ inú fóònù gbàù.

"Kí lò ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe? Ìyàwó ní ebi ń pa á lọ́wọ́ rẹ."

"Màámi, ẹjọ́ là ń rò."

"Fún un lóúnjẹ. Ẹni tó yó ni wọ́n ń rojọ́ fún."

"Ó ku ẹ̀sùn kan, Màámi. Kò ní pẹ́."

Mo gbọ́ ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Mo ní, "Ẹ̀kẹta, èyí tó burú jù nínú wọn," ni ohùn kan bá dún nínú géèmù bí ẹni tó mí ìmí ìkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú. Kò sí i mọ́. Òdòdó rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí yìnyín.

"O ti pa mí," ó ní.

"Ebi ló pa yín. Ká ní ẹ̀ṣẹ̀ yín kéré ni, ẹ̀sùn ì bá ti tán."

"Ó kú ni?" ni ìyá wa bi ìyàwó.

"Wọ́n ti jí nílé, Màámi. Orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni wọ́n wà."

"Ó dáa. Bó bá ti jí, kó wá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí lọ sẹ́yìnkùlé."

Ó lọ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní ikú ihò kì í ṣe ikú gidi, ó ní ìyànjẹ ni, ó ní òun ló ṣe òfin, òun lè tún un ṣe. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni." Ìyàwó rẹ̀ ní, "Olówó orí mi, inú ilé ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni lẹ wí." Ìyá wa, tí kò mọ òkè, tí kò mọ yìnyín, ní bí ó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó jókòó tì í.

Nígbà tí ìyàwó ti fún ìyá wa ní omi àti oúnjẹ tán, ó padà wọ inú géèmù. Ilẹ̀ ti mọ́ nínú géèmù, èmi nìkan ni mo wà nínú ihò, mo ń jẹ búrẹ́dì. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó sì fẹ́ gba garawa lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀. A pín gbogbo rẹ̀ sí méjì níbẹ̀: búrẹ́dì tìrẹ, búrẹ́dì tèmi, ògùṣọ̀ tìrẹ, ògùṣọ̀ tèmi, bẹ́ẹ̀dì tìrẹ, bẹ́ẹ̀dì tèmi. Ó ní ó dà bí pé a ń pín ogún. Mo ní ọgbọ́n ni.

A gun òkè náà. Lókè pátá, yìnyín náà kì í ṣe funfun mọ́, aró ló jọ, aró tí oòrùn ń ti inú rẹ̀ yọ. Béárì funfun kan ń rìn lọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kò wò wá. A kàn dúró. Ìyàwó ní, "Ọkọ mi, ibí yìí dára. Iṣu ló kù."

"Báwo lójú ibẹ̀ ṣe rí?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè láti ilé, láàárín àgùntàn.

Mo sọ ọ́ fún un lẹ́sẹẹsẹ, láìfi ohunkóhun pamọ́, àti aró rẹ̀, àti béárì. Lẹ́yìn náà mo béèrè bóyá ó ti fún àgùntàn lóúnjẹ. Ó ní ó ti fún wọn.

Ó tún ní, "Àbúrò mi, bá mi mú yìnyín díẹ̀ bọ̀. Mo fẹ́ fi ṣe fèrèsé."

Mo ṣí àpò mi, mo wò ó. Búrẹ́dì wà níbẹ̀, ògùṣọ̀ wà níbẹ̀, garawa omi wà níbẹ̀, àyè tó ṣófo sì pọ̀ ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Àpò mi ti kún."